Bí a ṣe ń gbé ajá tàbí ológbò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí dókítà ẹranko àfi tí ajá bá ti kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí ológbò bá ti ká jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí kò fẹ́ jáde mọ́. Nígbà tó bá fi máa dà bẹ́ẹ̀, àìsàn ti rìn jìnnà. Ajá àti ológbò a máa fi ìrora pamọ́, ológbò ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù: á máa jẹun, á máa lá irun rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ á sì ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò ṣe é. Ọmọ ajá àti ọmọ ológbò yóò lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí wọ́n á fi pé bí oṣù mẹ́rin. Èyí tó ti dàgbà, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tó ti ń darúgbó, tó ti lé ní bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló dára.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ bí ara rẹ̀ ṣe ń rí nílé

Dókítà yóò rí ẹran yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń rí i láàárọ̀ lálẹ́. Ìdajì iṣẹ́ yìí, ọwọ́ yín ló wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ wo bó ṣe ń mu omi, bó ṣe ń jẹun, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, àti bó ṣe ń dìde nílẹ̀ tó bá jí. Ológbò tó ṣàdédé ń mu omi gan-an, tó sì ń tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó sì lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà. Ajá tó ń rọra gbé ara rẹ̀ dìde bí àgbàlagbà, oríkèé lè ti máa ro ó. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú fóònù, torí pé téèyàn bá dé iwájú dókítà tán, gbogbo rẹ̀ a máa pòórá lórí ẹni.

Ẹ tún fọwọ́ wo ìhà rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì ra orí àwọn oríkèé ìka tó yọ gọngọ wọ̀nyẹn: bí ìhà rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín, ó ti rù jù. Ẹ wá tú ẹ̀ṣẹ́ náà, kí ẹ na ọwọ́ gbọọrọ, kí ẹ sì fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa mọ egungun níbẹ̀, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bò ó. Bó ṣe yẹ kí ìhà ajá àti ológbò rí nìyẹn. Ẹ yí ọwọ́ padà, kí ẹ tẹ ibi tó nípọn nísàlẹ̀ àwọn ìka lójú àtẹ́lẹwọ́. Bí ìhà rẹ̀ bá ti múlọ́ tó báyìí, tí ẹ ní láti tẹ ẹ́ kí ẹ tó kan egungun, ó ti sanra jù, ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí ẹ máa bá dókítà sọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ palẹ̀ mọ́ kí ẹ tó jáde

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, bó bá ní ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò ara páálí oúnjẹ rẹ̀ àti ti oògùn tó bá ń lò. Ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, èyí tó yà láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wá ẹyin aràn. Ìgbẹ́ àná tó ti gbẹ kò ní sọ òótọ́ fún wọn.

Ajá, ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, bó ti wù kó gbọ́ràn tó. Ológbò, ẹ má gbé e lọ́wọ́ lásán láéláé. Inú àgò rẹ̀ ni kó wà, kí àgò náà sì ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ilé láti bí ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú aṣọ tó máa ń sùn lé nínú rẹ̀, kó lè máa wọlé jáde bó ṣe wù ú. Ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tipátipá kì sínú àgò láàárọ̀ yóò ti máa gbọ̀n kó tó débẹ̀, àyà rẹ̀ á sì máa lù kìkì débi pé dókítà kò ní lè mọ bó ṣe ń lù gan-an. Ẹ fi táwẹ̀lì bo àgò náà lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ohun tí dókítà ń ṣe lórí tábìlì

Wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé orí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò oògùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi tẹmómítà sí ihò ìdí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn bà yín lẹ́rù: ara ajá àti ológbò gbóná ju tiwa lọ, 38 sí 39 ní ìwọ̀n Celsius kò burú rárá fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ètè rẹ̀ sókè. Ẹ súnmọ́ ibẹ̀, kí ẹ wò ó dáadáa, torí ẹ̀yin náà lè máa ṣe é nílé. Dókítà á fi ìka tẹ èrìgì. Ojú ibẹ̀ á funfun. Tó bá ká ìka kúrò, pupa rẹ̀ á padà wá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí èrìgì bá ṣì funfun tàbí tó pọ́n bí ìyeyè, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ lè ti tán lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì lè ti máa yọnu. Èrìgì àwọn ẹran mìíràn máa ń dúdú láti ìbí. Irú wọn, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa wò.

Wọ́n á wo ojú, wọ́n á yẹ inú etí wò, wọ́n á fọwọ́ wá kókó lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní kọ̀rọ̀ itan, wọ́n á gbọ́ àyà rẹ̀, wọ́n á sì fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí. Dókítà tó dára kì í bínú sí ìbéèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ gba gbogbo rẹ̀ pé

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ.

Ọmọ ajá tó bá mu wàrà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn ìbí máa ń rí ààbò gbà nínú rẹ̀. Ààbò yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ àrùn ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló tún máa ń pa agbára abẹ́rẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó ríṣẹ́ ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tán lára, kì í sì í tán lọ́jọ́ kan náà lára gbogbo ọmọ, kódà kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan. Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ ọjọ́ tó tán. Ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ nìyí, tí wọ́n sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn, títí ọmọ náà á fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ó kéré tán. Abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn yẹn ló dájú jù, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í padà wá gbà.

Mo ti pàdánù ọmọ ajá kan báyìí. Ó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méje. Mo fi káàdì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, mo rò pé ó ti parí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́ta, ó kọ oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń bì, ẹ̀jẹ̀ sì ti wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú òórùn kan tí n kò tíì gbàgbé. Parvo ni, àrùn tó ń ba ìfun ajá jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń fa omi sí i lára, kò yè é. Nígbà tí mo yọ káàdì náà síta, ọjọ́ abẹ́rẹ́ kejì wà níbẹ̀ gàdàgbà, bíírò aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ti kọjá láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọdún 1978 ni ayé dá parvo mọ̀ lára ajá. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú, bàtà ẹ̀yin fúnra yín sì lè gbé e wọlé. Nítorí náà, «ajá mi kì í jáde» kì í ṣe ìdí tó tó láti fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lára àwọn àrùn mìíràn tí abẹ́rẹ́ ajá ń dènà ni distemper tó ń ba ọpọlọ jẹ́ àti leptospirosis tó ń gba inú ìtọ̀ eku ranni. Ológbò ní tirẹ̀, tó ń dènà irú parvo ti ológbò àti àwọn àrùn tó ń mú wọn sín, tó sì ń mú ojú wọn ṣepin.

Ti dìgbòlugi wá yàtọ̀, torí pé ẹ̀mí wa náà wà níbẹ̀. Inú itọ́ ni kòkòrò rẹ̀ wà. Bí ajá tó ní i bá géni jẹ, á gba ojú iṣan lọ títí á fi dé ọpọlọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn tán, ìbáà jẹ́ lára ajá tàbí lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 kan tí ajá gé jẹ ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí ọmọ náà sì yè. Bí ọmọ ajá tàbí ọmọ ológbò bá ti pé bí oṣù mẹ́ta, ó lè gbà á. Á tún un gbà lẹ́yìn ọdún kan, lẹ́yìn náà á máa gbà á lọ́dọọdún tàbí ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, bí irú abẹ́rẹ́ náà àti òfin ibi tí ẹ wà bá ṣe sọ. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nǹkan méjì ni kí ẹ fojú sí nígbà tí wọ́n bá ń gún un. Ẹ rí i pé inú fìríìjì ni ìgò abẹ́rẹ́ náà ti jáde, torí pé ìwọ̀n Celsius 2 sí 8 ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, èyí tí ooru bá ti bà jẹ́ kò yàtọ̀ sí omi. Ẹ sì rí i pé wọ́n bó ìwé pélébé ara ìgò náà lẹ̀ mọ́ káàdì yín, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Aràn, eégbọn àti àwọn tó ń fò nínú irun

Ọ̀pọ̀ ọmọ ajá ni aràn ti wà nínú wọn kí wọ́n tó bí wọn, torí pé ó ń gba ara ìyá dé ọ̀dọ̀ wọn nínú oyún, ó sì tún ń bá wàrà wọlé. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti ń lo oògùn aràn, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí wọ́n á fi já lẹ́nu ọmú, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù títí di oṣù mẹ́fà. Tó bá ti dàgbà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́. Ẹyin aràn yìí lè wọ ara àwọn ọmọdé tó ń fọwọ́ ṣeré nínú erùpẹ̀, nítorí náà ẹ máa kó ìgbẹ́ ajá kúrò nílẹ̀ kíákíá. Aràn kan tún wà tí ẹ̀fọn ń gbé wọ ara ajá, tó ń gbé inú ọkàn rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n oògùn oṣooṣù ń dènà rẹ̀. Ajá tó ti dàgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yẹn.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá kòkòrò tín-ín-tín tó ń fò wà lára rẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé funfun tí ẹ fi omi tutù díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi òòyà wẹ́wẹ́ ya irun ìdí ìrù rẹ̀. Bí eruku dúdú tó bọ́ sílẹ̀ bá ń di pupa lórí ìwé náà, ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò náà ti mu tó sì yà ni. Ẹ mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sí lára ẹran. Inú aṣọ tó ń sùn lé àti kápẹ́ẹ̀tì ni ẹyin wọn wà, nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ yẹn. Eégbọn ní tirẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti wọ awọ gan-an, kí ẹ fà á tààrà. Ẹ má ta kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi iná jó o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn eégbọn ti ajá sára ológbò. Permethrin tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn máa ń mú ológbò gírì, ó sì lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni paracetamol: hóró kan ṣoṣo tó láti pa ológbò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn tó kù

Ẹ béèrè nípa títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bó bá jẹ́ akọ, tàbí yíyọ ilé ọmọ rẹ̀ bó bá jẹ́ abo. Yàtọ̀ sí oyún tí ẹ kò retí, abo tí wọn kò yọ tirẹ̀ lè ní ọyún nínú ilé ọmọ nígbà tó bá dàgbà, ìyẹn sì máa ń pa wọ́n. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é kò rí bákan náà fún ajá kékeré àti ajá ńlá, dókítà yín ló máa sọ.

Eyín: búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín ti ẹranko. Tiwa kò dára fún wọn, torí pé gbígbé ni wọ́n máa gbé e mì.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó síbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó sun oorun díẹ̀ tàbí kí ojú abẹ́rẹ́ le fún ọjọ́ kan sí méjì, kì í ṣe nǹkan. Bí ojú rẹ̀ bá wú, bó bá ń bì, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e padà wọlé lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó kúrò, ẹ kọ ọjọ́ tó kàn sínú fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kó máa dún létí yín láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ kan tí kò sí abẹ́rẹ́, kí ẹ kàn gbé e lọ wọ̀n, kí ẹ fún un ní nǹkan tó fẹ́ràn níbẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé. Ajá tí mo ní báyìí ti pé ọdún mẹ́fà. Bí a bá ti wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ gun orí ìwọ̀n, á jókòó, á sì máa ju ìrù títí wọ́n á fi ka nọ́ńbà rẹ̀.