Acanthamoeba lójú: bí ẹ ṣe máa lo oògùn yín dé òpin

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ojú ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ń lo kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú dípò gíláàsì, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí Acanthamoeba ń gbé wá bá wa. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, inú omi ló sì ń gbé: omi ẹ̀rọ, omi táǹkì, àní omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n da chlorine sí pàápàá. Bó bá ti ara lẹ́ǹsì wọ ojú, kọ́níà ló ń bà jẹ́, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú.

Bí ojú bá pọ́n, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, tí ìrora rẹ̀ sì ju ohun tí èèyàn ń fojú rí lọ, ẹ yọ lẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù. Ẹ kó o pọ̀ mọ́ ike rẹ̀ àti ìgò omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ sínú náílọ́nù, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n lè rí kòkòrò náà lára wọn. Ẹ fẹnu ara yín sọ pé lẹ́ǹsì lẹ ń lò, àti bóyá ẹ wọ̀ ọ́ wẹ̀, torí àìsàn yìí jọ ti herpes ojú, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, débi pé ó ń tan àwọn tó mọṣẹ́ jẹ.

Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe ojú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán oògùn tí wọ́n bá kọ dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone sí lára. Pípọ́n ojú á rọlẹ̀, kòkòrò á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wàrà ọmú àti omi ṣúgà tí wọ́n ń júwe nílé kò wo nǹkan kan, ìdọ̀tí mìíràn ni wọ́n ń kó wọ ojú tó ti légbò. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀.

PHMB tàbí chlorhexidine, oògùn ẹ̀kán tó ń pa kòkòrò náà, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, wọ́n sì lè fi òmíràn tó ń jẹ́ propamidine kún un. Ní nǹkan bí ọjọ́ 2 àkọ́kọ́, wákàtí wákàtí lẹ ó máa kán an, tọ̀sán tòru. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Ẹ wá ẹni tí yóò máa jí yín lóru, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣètò aago fóònù. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ pátápátá, torí omi gan-an la ń sá fún. Ẹ gbójú sókè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú kòtò tó yọ níbẹ̀, ẹnu ìgò ò sì gbọdọ̀ kan ojú. Ẹ pa ojú dé, ẹ fi ìka tẹ igun rẹ̀ lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú kan. Ó di ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó kán òmíràn. Oògùn tó ń fẹ dúdú ojú láti dín ìrora kù máa ń mú kí ojú ríran bàìbàì. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Fún àlùwàlá, ẹ bi àlùfáà yín: ẹ̀sìn fàyè gba kí ẹni tí omi ń pa lára lo erùpẹ̀ mímọ́. Kò sì sídìí fún ará ilé láti bẹ̀rù, kì í ràn láti ojú ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìgbà tí ìrora bá lọ. Bí oògùn bá ń lé Acanthamoeba, á kó sínú èèpo líle bí ìgbín ṣe ń wọ ìkarawun rẹ̀, á máa dúró kí ẹ dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú fi lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ló ń dín in kù, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ìríran ló máa ń kẹ́yìn dé. Ẹni tó tètè wá, tí kòkòrò náà ṣì wà lójú awọ lásán, lè ríran padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ti wọnú, tó yí po láàárín kọ́níà, àpá á kù. Ẹ má sáré ra gíláàsì tuntun nígbà tí ojú ṣì ń yí padà. Bó bá rọlẹ̀ tán, lẹ́ǹsì líle tí dókítà fúnra rẹ̀ wọ̀n lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Fún àpá tó nípọn, wọ́n lè pààrọ̀ kọ́níà, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ dákẹ́ fún oṣù mélòó kan, nítorí kòkòrò tó bá ṣẹ́ kù lè jẹ kọ́níà tuntun náà.