Bí a ṣe ń fi a + 2 rọ́pò x nínú f(x)

Ẹ jẹ́ ká mú f(x) = 2x² − 3x + 1. Bí wọ́n bá ní ká wá f(3), wàhálà kò pọ̀. f(a + 2) ló ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú, nítorí ohun méjì ló fẹ́ jókòó sórí àga ẹnì kan.

Ẹ pa x rẹ́ níbi gbogbo tó wà, kí ẹ fi àkámọ́ òfìfo sí ipò rẹ̀:

f( ) = 2( )² − 3( ) + 1

Ẹ wá kọ a + 2 sínú àkámọ́ kọ̀ọ̀kan:

f(a + 2) = 2(a + 2)² − 3(a + 2) + 1

Ẹ má tíì ṣírò nǹkan kan lórí ìlà yìí. Ẹni tó ń rọ́pò, tó sì tún ń tú àkámọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ló máa ń kọ −3a + 2.

Èyí tó ní 2 lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. (a + 2)(a + 2) ni: a² + 2a + 2a + 4, ìyẹn a² + 4a + 4. Lẹ́yìn náà ni 2 tó wà níta yóò wọlé: 2a² + 8a + 8. Ní ti −3(a + 2), àmì ìyọkúrò bá 3 dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì: −3a − 6. Ẹ kó wọn jọ:

2a² + 8a + 8 − 3a − 6 + 1 = 2a² + 5a + 3

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú a = 1. f(3) = 18 − 9 + 1 = 10; 2 + 5 + 3 náà jẹ́ 10. Ẹ má fi a = 0 yẹ̀ ẹ́ wò o. Ẹni tó kọ a² + 4 dípò a² + 4a + 4 yóò rí 2a² − 3a + 3, bẹ́ẹ̀ bí a bá jẹ́ 0, 3 ni tirẹ̀ náà yóò jẹ́, bíi ti ẹni tó gbà á. (Ẹ wò ó dáadáa: f(a) + 2 gan-an ló kọ yẹn, kì í ṣe f(a + 2).)

Fún f(−x), àkámọ́ náà ni: 2(−x)² − 3(−x) + 1 = 2x² + 3x + 1. Láìsí àkámọ́, −2x² ni ẹ máa kọ.

Bó bá kan f(x + h) − f(x), ẹ fi odidi f(x) sínú àkámọ́ kí ẹ tó yọ ọ́, kí àmì gbogbo rẹ̀ lè yí padà. Ohun tó kù ni 4xh + 2h² − 3h. Bí ẹ bá rí ohunkóhun níbẹ̀ tí kò ní h nínú, ẹ padà sẹ́yìn: àmì kan ti ṣì.