Bí panápaná tó tún ń sáré ìdárayá ṣe lè dàgbà kó gbó

Ẹ̀yin panápaná Ifẹ̀, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré lójú Road 1 inú OAU láàárọ̀ Sátidé tàbí tẹ́ ẹ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tẹ́ ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé iná ló ń pa panápaná, pé téèyàn bá ti jáde nínú ilé tó ń jó láìfarapa, ó ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń ka iye panápaná tó ń kú lẹ́nu iṣẹ́, ọkàn tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ló ń pa nǹkan bí ìdajì wọn. Lọ́dún 2022 ni IARC, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, wá là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ panápaná fúnra ẹ̀ wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, ìsọ̀rí kìíní tí sìgá wà náà ni wọ́n tò ó sí. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é débi ìfẹ̀yìntì, kó sì tún máa sáré lẹ́ni àádọ́rin ọdún, èéfín tó ń wọ ara àti ọkàn tó ń gbé ẹrù ni kó mójú tó.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti èéfín, torí òun la máa ń fojú kéré jù. Iná ìsinsìnyí kì í ṣe igi lásán ló ń jó mọ́, fóòmù ni, ike ni, wáyà ni, tẹlifíṣọ̀n ni. Tí bẹ́ẹ̀dì fóòmù bá ń jó nínú yàrá, sáyánáìdì, májèlé tó ń pani, wà nínú èéfín ẹ̀, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró, náà wà níbẹ̀, ìyẹn ò sì ní òórùn rárá téèyàn ì bá fi mọ̀. Ẹ má bọ́ ìbòmú tó ń gba atẹ́gùn látinú sìlíńdà torí pé iná ti kú. Ìgbà tá a bá ń fi ṣọ́bìrì tú àwókù láti wá ẹyinná tó kù sábẹ́ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ́ ọ, afẹ́fẹ́ burúkú yẹn sì ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbi iná, kí ẹnì kan fi hóòsì fọ aṣọ iná yín lára yín látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi aṣọ tútù nu ọrùn, àgbọ̀n, ẹ̀yìn etí àti ọwọ́, torí ara tó gbóná tó ń làágùn máa ń tètè fa májèlé mu. Tẹ́ ẹ bá ti padà dé, ẹ wẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ó di alẹ́. Ẹ bu ọṣẹ dáadáa sí kànìnkànìn, ẹ gbo ọrùn àti abẹ́ etí, ẹ máa rí i pé omi tó ń ṣàn lọ lẹ́sẹ̀ yín dúdú bí omi aró, ẹ gbo ó títí ìfófó ọṣẹ á fi funfun, kẹ́ ẹ wá fọn imú, ikun tó bá jáde dúdú ti sọ fún yín pé ìbòmú ò dí dáadáa tàbí ẹ tètè bọ́ ọ. Aṣọ iná ò gbọdọ̀ wọlé yín, ẹ má jẹ́ kó kan aṣọ ọmọ, ẹ má fi ṣe ìrọ̀rí lóru. Kẹ́ ẹ sì ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ọjọ́ wo, kí ló jó, báwo ló ṣe pẹ́ tó, ṣé ìbòmú wà lójú. Dókítà tó máa tọ́jú yín lọ́jọ́ ogbó á nílò ẹ̀.

Ó wá ku ọkàn. Ẹ̀ ń sùn lọ́wọ́, aago dún, ẹ fò dìde, ọkàn ti ń sáré kẹ́ ẹ tó wọ búùtù. Aṣọ, búùtù, hẹ́ẹ̀límẹ́ẹ̀tì àti sìlíńdà atẹ́gùn lè wọ̀n tó kílò 20, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá gbé gbogbo ẹ̀ wọnú ooru, òógùn ń dà, omi ara ń dín kù, ẹ̀jẹ̀ ń ki. Ọkàn tí kò bá mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ò lè rù ú. Ẹ máa sáré jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, eré tẹ́ ẹ ṣì lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle, ọjọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sá gun òkè, Ifẹ̀ kúkú láwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó pọ̀. Ọjọ́ méjì, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi: lítà 25 tó kún jẹ́ kílò 25, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn lọ rìn bọ̀, ẹ gun àtẹ̀gùn. Iṣẹ́ hóòsì gan-an nìyẹn, mi ò rí jíìmù tó jù ú lọ fún wa.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa iná, ẹ má sáré. Ọjọ́ kejì náà, ẹ sùn ná. Ẹ mu omi àti ORS, ìyẹn omi iyọ̀ àti ṣúgà, tí ìtọ̀ bá wá pọ́n rúsúrúsú tí iṣan sì wú tó ń ro yín gan-an, ọsibítù ni o, ẹ má ra oògùn lẹ́ba ọ̀nà. Mo bẹ̀ yín lórí ọ̀rọ̀ oògùn ìrora bíi diclofenac àti ibuprofen, lílò ó nígbà tómi ò bá sí lára lè ba kíndìnrín jẹ́, páràgà tí wọ́n sì fi ń lé ìrora lọ ń fi kún gbígbẹ ara ni.

Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lóṣooṣù, ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Tó bá ń lé ní 140/90 léraléra, ẹ lọ rí dókítà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ń sáré bí àgbọ̀nrín, torí eré sísá ò ní kí ẹ̀jẹ̀ má ru. Ẹni tó ti lé ní 40 kó ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, àti àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, OAUTHC, ọsibítù ńlá OAU, kò jìnnà síbi tá a wà. Kẹ́ ẹ sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín pé tí àyà bá ń dì, tí ìrora lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń dà, kì í ṣe rírẹ̀, kí wọ́n pe 112, kí wọ́n máa gbé yín lọ ọsibítù.

Iṣẹ́ ìjọba, ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ pé la fi ń fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń jókòó pa, iṣan á wá máa yọ́. Ẹ má jáwọ́, ẹ dín in kù ni, kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ti tó. Ẹ sì mọ̀ pé lágbo eré sísá àgbáyé, àwọn àgbà ní ìdíje tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 35, wọ́n á pín wọn ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ẹni 60 sí 64 nìkan lẹni ọdún 60 máa bá sá. Ẹ má fi mítà 100 bẹ̀rẹ̀ ṣá, iṣan ẹ̀yìn itan lè já. Kìlómítà márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, ẹ rìn díẹ̀, ẹ sá díẹ̀, títí ẹ ó fi lè sá gbogbo ẹ̀.