Kùkùté la fi dá igbó wa padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá igbó tó ti run padà, ẹ má tíì sáré lọ sí nọ́sìrì tí wọ́n ti ń ta ọ̀gbìn igi o. Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe ni pé gbogbo wa jọ rin ilẹ̀ náà já, aṣẹ́gi, ọdẹ, darandaran, àtàwọn àgbẹ̀ tóko wọn bá a pààlà. Mò ń fi GPS fóònù sàmì sí ààlà, àwọn àgbà ń dárúkọ àwọn igi tó máa ń wà níbẹ̀. Ibẹ̀ la ti rí i pé ọ̀pọ̀ kùkùté ò tíì kú, wọ́n ṣì ń hù, ewúrẹ́ àti iná ni ò jẹ́ kí wọ́n ga.

Iṣẹ́ kùkùté yìí dùn mọ́ mi gan-an. Kùkùté kan lè yọ èéhù rẹpẹtẹ, gbogbo wọn á wá máa du omi kan náà. A mú 3 sí 5 tó tọ́ tó sì lágbára, a gé ìyókù, a tún ré ẹ̀ka ìsàlẹ̀ lára àwọn tá a dá sí, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kó kọjá ìdajì gíga wọn. Àdá gbọ́dọ̀ mú, ẹ gé e látìsàlẹ̀ lọ sókè kí èèpo má bàa bó. Ọ̀nà yìí náà ni Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, bá àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Maradi lórílẹ̀-èdè Niger láwọn ọdún 1980, ó sì ti tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà lórílẹ̀-èdè náà.

Òfin ló wá le jù. Àwọn aṣẹ́gi bi wá pé ibo làwọn á ti máa ṣẹ́gi, òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni, ẹ ò lè kàn lé èèyàn kúrò nídìí oúnjẹ ẹ̀ kẹ́ ẹ wá ní kó bá yín ṣọ́ igbó. A wá fẹnu kò pé ẹ̀ka tá a bá gé, tiwọn ni, ẹran ò gbọ́dọ̀ wọ apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù títí tó fi máa ga ju ibi tẹ́nu ẹran lè dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ rú òfin á gba ìkìlọ̀, ìkejì á sanwó ìtanràn.

Kí ẹ̀rùn tó dé, a ṣán gbogbo etí igbó yíká nítorí iná. Ibi tí kò sí kùkùté rárá nìkan la gbingi sí.

Àwọn obìnrin aṣẹ́gi la gbé ìwé àkọsílẹ̀ fún, torí àwọn ló ń wọbẹ̀ jù, tí iná tàbí ẹran bá ti wọlé, àwọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀.