Oògùn Tí Kò Tó Lè Má Pa Kòkòrò Ajàgbàdo

Láti ọdún 2016 tí kòkòrò ajàgbàdo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti wọ Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, oògùn ti di dandan fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀. Oògùn sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bù ú kéré, kí ìgò kan lè kárí oko.

Oògùn tí kò tó lè má pa á, àmọ́ yóò ṣe é léṣe. Kòkòrò náà á ṣíwọ́ jíjẹ fúngbà díẹ̀, ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀. Bí ẹ bá ya ọkàn àgbàdo, ìyẹn àárín ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, wò lọ́jọ́ kejì, ẹ ó bá a níbi tó ká jọ sí, ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí ìyẹ̀ pákó á ti gbẹ. Ẹ ó ní ó ti tán. Kò tíì tán o! Tí agbára oògùn bá ti dínkù lára rẹ̀, oúnjẹ ló ń padà sí. Ìgbà tó bá sì dàgbà tán, tó kù díẹ̀ kó wọlẹ̀ lọ para dà di àfòpiná, ló ń jẹ jù. Abo tó bá là á já lè má yé ẹyin tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n abo kan lè yé ju 1,000 lọ, àwọn ọmọ tó jogún ara líle ni ẹ ó sì tún máa bá jà.

Ẹ má fi èyí pe oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní emamectin benzoate tó pé ìwọ̀n. Òun náà ń dá kòkòrò dúró lẹ́nu oúnjẹ láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ ó lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́rin kó tó kú. Nítorí náà, ẹ má sáré fín in lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ padà lọ wò ó lọ́jọ́ kẹrin: bí ìgbẹ́ tútù bá wà lórí ewé tuntun, ó ṣì ń jẹ nìyẹn.

Ẹ fín oògùn nígbà tí kòkòrò ṣì kéré, tí àpá funfun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn lójú ewé. Ìrọ̀lẹ́ ló dára, kí ẹ sì dojú ẹ̀rọ kọ ọkàn àgbàdo. Ife ìwọ̀n ni kí ẹ fi wọn oògùn, ẹ yé fi ìdérí ìgò ṣe é. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ oògùn, ẹ ka orúkọ èròjà tó wà lára ìgò, torí lambda-cyhalothrin kan náà ń jẹ́ orúkọ púpọ̀ lọ́jà.

Fún àgbàdo ẹ̀yìnkùlé, ẹ wá ẹyin rẹ̀ tó ní irun lórí lára ewé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pa. Èso dongoyárò tí a gún, tí a rẹ sómi mọ́jú, tí a sì sẹ́, wúlò fún àwọn ọmọ kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin: kì í jẹ́ kí oúnjẹ wù wọ́n, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rí awọ bọ́ dáadáa. Tí ó bá jẹ́ oògùn ìgò lẹ fín, ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kẹ́ ẹ fi dúró, kí ọjọ́ náà sì pé kí ẹ tó ya àgbàdo sè.