Bátìrì Kan Ṣoṣo Ló Dá Wa Dúró Nínú Igbó J4

₦95,000 ni mo fi ra bátìrì tuntun sínú bọ́ọ̀sì wa kí a tó kúrò ní Abẹ́òkúta. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí a padà délé tí mo fi tún ra òmíràn, mo sì ra ẹ̀kẹta mọ́ ọn, èyí tó yẹ kí n ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó yẹn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Bátìrì àkọ́kọ́ kì í ṣe ayédèrú o. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé lé e lórí, èmi tí mo ni ọkọ̀ kò sì mọ̀ débi tí n ó ti béèrè.

Odindi ọdún kan ni mo fi tún bọ́ọ̀sì náà ṣe ní Ọ̀bàntokò. Mo yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, káfíńtà kan ní Lafẹ́nwá bá wa kan bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé ká, abẹ́ rẹ̀ la ń kó ìkòkò, sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi sí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú gbogbo fèrèsé. Rẹwáyà fi iná mẹ́rin, fáànù àti fíríìjì kékeré sí i. Nígbà tí ìyàwó mi kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tó wo òkè, tó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ṣeun," inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo ra ọkọ̀ náà lọ.

Àwa márùn-ún la lọ: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì àti àbúrò mi ọkùnrin. Ẹ̀kẹfà ni Tanímọ̀la, ajá wa. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, ìwé rẹ̀ sì wà nínú báàgì mi. Ọ̀nà kò ṣòro: Ṣíun, Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ẹ̀pẹ́, ó di etí òkun ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Òru méjì la sùn níbẹ̀. Omi òkun ibẹ̀ ń fa ènìyàn wọlé, nítorí náà a kò jẹ́ kí àwọn ọmọ kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Tanímọ̀la lá omi iyọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì bì títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà náà ni abọ́ omi tútù rẹ̀ kò ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ọkọ̀.

Gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ létí òkun. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Atẹ́gùn òkun tó wa lóru, kò sẹ́ni tó tan fáànù. Lójoojúmọ́ ni mo sì ń wa ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ ra ẹja, ẹ́ńjìnnì ń dá ohun tí fíríìjì jẹ padà sínú bátìrì, n kò sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, a padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, a sì mú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, ó di Igbó Ọmọ, ní J4, abúlé kan nínú igbó náà. Igbó náà ju hẹ́kítà 130,000 lọ, láti ọdún 1977 sì ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí a dáàbò bò. Àjànàkú ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ajá kò gbọdọ̀ wọ inú lọ́hùn-ún, wọ́n fi àyè kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé. Mo fara mọ́ ọn. Ajá tó bá ń lé ẹranko kiri nínú igbó bẹ́ẹ̀, ìpalára ló ń ṣe. A so ó mọ́lẹ̀.

Òru ọjọ́ yẹn, ewé kankan kò mì. Ajá kì í làágùn bíi ti ènìyàn, ahọ́n àti èémí ló fi ń lé ooru, Tanímọ̀la sì ń mí hẹ̀ẹ́hẹ̀ẹ́ débi tí ọmọ mi obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo tan fáànù, mo dojú rẹ̀ kọ ọ́. Ẹja Ẹ̀pẹ́ wà nínú fíríìjì, n kò lè pa iná rẹ̀. A sùn.

Ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́-kẹ́-kẹ́. Iná ojú dáṣíbọọ̀dù pọ́n bí òwú àtùpà tí epo ti tán nínú rẹ̀. Mo tún yí i, kò tilẹ̀ ké mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ní kí a ti ọkọ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé jíà ọtomátíìkì ni: bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, kò sí agbára nínú ọ́ìlì jíà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò sì lè yí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ṣì tì í, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn wa. A ti bọ́ọ̀sì náà dé inú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àbúrò mi gun ọ̀kadà jáde sí títì, wákàtí mẹ́ta kọjá kó tó padà dé pẹ̀lú wáyà jọ́ńpù, ọ̀kan tó tín-ín-rín bíi ti ṣájà fóònù. A so ó mọ́ bátìrì mọ́tò kékeré kan tó ń kọjá. Wáyà gbóná, rọ́bà rẹ̀ yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ọkọ̀ kò sì mì. Onímọ́tò ní òun ń lọ. Oòrùn ti dé àtàrí. Ìyàwó mi ń fi aṣọ tútù nu ikùn ajá, kò bá mi sọ̀rọ̀ rárá.

Lọ́rì agbégẹdú kan ló yọ ní nǹkan bí aago méjì. Awakọ̀ ti fa kébù tó nípọn jáde, ó fẹ́ so ó mọ́ ọn tààrà, ni mo bá pariwo. Bátìrì méjì ni lọ́rì ń so pọ̀, fólítì 24 ni, tiwa, 12. Bó bá so ó bẹ́ẹ̀, gbogbo nǹkan tó wà nínú bọ́ọ̀sì ni ì bá jó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ bátìrì kan ni kí ẹ mú." A so pupa mọ́ pupa, mo sì mú dúdú mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, níbi tó jìnnà sí bátìrì. A dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ó jí. Lọ́rì náà ló sì fà wá kúrò nínú ẹrẹ̀. Mo fún wọn ní ₦15,000, ọpẹ́ ló sì tún kù lẹ́nu mi.

Nígbà tí a délé, mo lọ bá rẹwáyà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ máa sun inú ẹ̀." Bẹ́ẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló jókòó sí nígbà tó ń so wáyà! Gbogbo rẹ̀ pátá ló kó sórí bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì. Fíríìjì mi, wáàtì 45, ó ń jẹ nǹkan bí áńpíà 4, fáànù, 1. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, wákàtí mẹ́wàá, áńpíà-wákàtí (Ah) 50 ti lọ nínú bátìrì 75Ah, nítorí pé fíríìjì kì í sinmi nínú ooru bẹ́ẹ̀. Bátìrì ẹ́ńjìnnì kò fara da irú gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Agbára ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tèmi kò gba ṣájì dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí, bátìrì 100Ah, irú èyí tí a ń lò fún ínfátà, wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fáànù, iná àti fíríìjì wà lórí rẹ̀. Rìlé kan, irú súìṣì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, so ó pọ̀ mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó já wọn sọ́tọ̀. Fíúsì wà ní orí bátìrì gan-an, mo sì dúró ti rẹwáyà títí ó fi fi í sí i. Bí o bá fẹ́ ṣe irú ọkọ̀ yìí, sọ fún rẹwáyà láti ọjọ́ kìíní pé o máa sùn nínú rẹ̀, kí o sì ní kó fi ọwọ́ kan wáyà kọ̀ọ̀kan, kó sọ bátìrì tó ń lọ. Ra kébù jọ́ńpù tìrẹ, èyí tó nípọn. Mo tún ra mítà kékeré tó ń ka fólítì: 12.6, ó kún, 12.2, ó ti dé ìdajì, mo pa fíríìjì.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo sun inú bọ́ọ̀sì náà nínú ọgbà wa. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, fáànù dojú kọ Tanímọ̀la. Ní aago mẹ́fà, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì dáhùn, ajá náà sì fò láti orí bẹ́ẹ̀dì wá jókòó sí ìjókòó iwájú.