Bí Olùkọ́ Èdè Sípáníìṣì Ṣe Lè Fi Ara Rẹ̀ Han Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ olùkọ́ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó. Ohun tó ń wá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹ̀rí pé ẹni tó wà níwájú òun yóò lè mú kí òun sọ èdè Sípáníìṣì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní èdè yìí, ẹ ka ìfihàn ara yín sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì múra rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ mìíràn sílẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé yín lè dúró.

Èdè Sípáníìṣì gan-an ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá gbọ́ ọ rí. Gbólóhùn márùn-ún ti tó: “Hola. Me llamo Bísí. Soy nigeriana. Vivo en Ibadán. Enseño español.” Ìyẹn ni pé: Ẹ ǹlẹ́ o. Bísí ni orúkọ mi. Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mò ń kọ́ni ní èdè Sípáníìṣì. Ẹ rọra sọ ọ́, kí ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ gbé ọwọ́ lé àyà nígbà tí ẹ bá ń dárúkọ ara yín, kí ẹ sì gbé máàpù Nàìjíríà sójú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá dé orí ìlú tí ẹ ń gbé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi Yorùbá ṣàlàyé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti fura sí ìtumọ̀ rẹ̀, ayọ̀ pé ọ̀rọ̀ àjèjì yé wọn láìsí ògbufọ̀ ni yóò sì mú wọn padà wá.

Ẹ wá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi gbólóhùn kan náà sọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá ìṣòro àkọ́kọ́ pàdé, nítorí pé ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé olùkọ́ obìnrin yóò sọ pé “Soy nigeriana” gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Yorùbá kì í ya ọ̀rọ̀ ọkùnrin sọ́tọ̀ lára ti obìnrin. “Ó” kan náà ni à ń lò fún bàbá àti ìyá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ “nigeriano”, tó jẹ́ ti ọkùnrin, àti “nigeriana”, tó jẹ́ ti obìnrin, sójú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì ní kí ọkùnrin náà tún un sọ. Bí ẹ bá ṣe èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfi í ṣe ẹlẹ́yà, gbogbo kíláàsì ti rí bí ẹ ó ṣe máa tọ́ wọn sọ́nà, ó sì sàn ju kí ẹ máa ṣèlérí pé onísùúrù ni yín.

Ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pẹ̀lú pé fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni èdè náà ní, a, e, i, o, u, èyí tí kò lè ni ẹni tó ń lo fáwẹ̀lì Yorùbá lára. Ibi tí iṣẹ́ wà ni “rr”, tó ń mú kí ahọ́n gbọ̀n nínú “perro”, ìyẹn ajá, tí ó sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára “pero”, ìyẹn ṣùgbọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í sọ, tó sì yẹ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ni irú Sípáníìṣì tí wọ́n ń kọ́ni. Èdè ìjọba ni ní nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè, láti Mẹ́síkò títí dé Equatorial Guinea tó wà nítòsí wa ní Áfíríkà, ìlò rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ẹni tó ń lọ kàwé ní Madrid gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ahọ́n máa ń wọ àárín eyín nígbà tí wọ́n bá ń pe “c” inú “gracias”, ìyẹn ẹ ṣé, níbẹ̀, nígbà tí àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà ń pè é pẹ̀lú “s” lásán. “Vosotros” ni ará Sípéènì fi ń pe ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n “ustedes” ni wọ́n ń lò ní Látìn Amẹ́ríkà. Ará Sípéènì a máa sọ “coger el autobús” láìbìkítà bí ó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rírùn ni “coger” jẹ́ ní Mẹ́síkò àti Ajẹntínà. Ẹ sọ irú èyí tí ẹ kọ́ àti ibi tí ẹ ti kọ́ ọ, kí ẹ sì bi akẹ́kọ̀ọ́ ibi tó fẹ́ lò ó. Bí ó bá jẹ́ ti Kúbà ló ń wá, bóyá nítorí ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé débẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú.

Orúkọ tí wọn yóò máa pè yín náà ṣe pàtàkì. Ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ fi “tú”, ìyẹn “ìwọ”, pe olùkọ́, “usted” ló sì máa ń wù ú, nítorí ó súnmọ́ “ẹ” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fágbà. Ẹ ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Sípéènì ń fi “tú” pe olùkọ́ wọn láìsí àrífín nínú rẹ̀, àti pé àwọn ará Bogotá lè fi “usted” pe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. “Profe”, ìgékúrú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí olùkọ́, ni mo fara mọ́, nítorí ó bá ọkùnrin àti obìnrin mu.

Nípa ìwé ẹ̀rí, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. DELE, ìwé ẹ̀rí èdè Sípáníìṣì tí Instituto Cervantes, iléeṣẹ́ ìjọba Sípéènì tó ń gbé èdè náà lárugẹ, ń bójú tó, bẹ̀rẹ̀ láti ìpele A1, tó kéré jù, dé C2, tó ga jù, kò sì ní ọjọ́ ìparí. Ìwé ẹ̀rí SIELE, tó jẹ́ ti ìdánwò Sípáníìṣì mìíràn, ń ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún péré. Ẹ sọ ìpele yín gan-an. Bí ẹ kò bá ní ìkankan, ẹ sọ ohun tí ẹ ti fi èdè náà ṣe, láìfi àbùmọ́ kún un.

Ẹ kìlọ̀ nípa àkókò pẹ̀lú, pàápàá bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wà ní Sípéènì. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n Sípéènì ń yí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún; aago àwọn méjèèjì dọ́gba nígbà òtútù, Sípéènì sì máa ń fi wákàtí kan ṣáájú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ó ṣe bí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì bá já, ibi tí ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ yóò wà, àti bóyá ẹni tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ lè pa fídíò kó máa gbọ́ ohùn nìkan.

Kí ẹ tó tú wọn ká, ẹ fi gbólóhùn márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì, ní kíkọ àti ní ohùn, kí ẹ sì ní kí olúkúlùkù fi ohùn tirẹ̀ dáhùn ṣáájú ẹ̀kọ́ tó kàn.